Ọṣẹ Ìfọṣọ Láti Inú Eérú àti Àdín

Ohun méjì péré ló ń para pọ̀ di ọṣẹ: ọ̀rá, àti èròjà mímúná tó ń jẹ ọ̀rá. Àwọ̀ búlúù, òórùn dídùn àti ìfófòó tó ń kún ọpọ́n, àfikún ni gbogbo wọn. Aṣọ á mọ́ láìsí wọn. Ọ̀rá ń bẹ nínú àdín, ó ń bẹ nínú epo pupa, ó sì ń bẹ nínú òróró tí alákàrà ti fi dín àkàrà títí tó fi dúdú, tó wá ń wá ibi tó máa dà á sí. Èròjà mímúná náà ń bẹ nínú eérú. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ síse fi wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó kó ọṣẹ kankan dé èbúté Èkó. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání nínú orí yìí ni pé ọṣẹ ilé kò ṣòro, àmọ́ kò gba àfojúdá rárá. Ìwọ̀n ló ń ṣe é. Bí èròjà mímúná bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, á bó ọwọ́ ẹni tó ń fọṣọ. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, aṣọ tí a fi omi ọṣẹ fọ̀ á tún gba ọ̀rá sára.

Kì í ṣe gbogbo eérú ló dọ́gba. Gbogbo ewéko ló ń fa pọtásíọ̀mù láti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ń kó o jọ ju àwọn yòókù lọ. Tí wọ́n bá jóná, ọ̀pọ̀ ohun inú wọn á bá èéfín lọ, pọtásíọ̀mù á sì ṣẹ́kù sínú eérú gẹ́gẹ́ bíi pọtásíọ̀mù kábónéètì. Èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ wà lára àwọn tó ní in lọ́pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì sábà máa ń fi èèpo yìí sílẹ̀ lóko ní òkìtì òkìtì, inú òkìtì náà sì ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń sá pamọ́ sí nígbà òjò. Ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ti fi èèpo yìí ṣe ọṣẹ. Inú mi dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó kó èèpo kòkó jó láti fi se ọṣẹ ti gba oko rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn pẹ̀lú.

Fífa omi eérú jáde gba sùúrù. Ẹ sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí ẹ sì jó o níbi tí kò sí iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí iná jẹ ẹ́ tán. Eérú tó ṣì ní èédú nínú kò tíì jóná tó. Nígbà tó bá tutù, ẹ kù ú. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí aṣọ àpò sí ìdí ajere, ẹ da eérú lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé ajere lé ẹnu ìkòkò amọ̀ tàbí bókẹ́ẹ̀tì oníke. Omi òjò ló dára jù fún un. Ẹ máa rọra dà á sí i láti òkè, kó máa kán tó, tó, tó sísàlẹ̀. Omi àkọ́kán á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ìka kàn án. Yíyọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fẹ́ fún ìka: ọ̀rá ara ìka gan-an ló ti ń di ọṣẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà ti mú tó, ẹ ju ẹyin adìẹ tí kò tíì pẹ́ sínú rẹ̀. Bí ẹyin bá rì, ẹ tún da omi náà gba inú eérú tuntun kọjá. Bó bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ díẹ̀ sójú omi, ó ti tó iṣẹ́ ṣe. Irú omi eérú yìí náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń mú aró wọn ṣiṣẹ́, nítorí náà ìmọ̀ rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ nìkan.

Ẹ gbé omi náà kaná, ẹ jẹ́ kó hó kó sì fà, kí ẹ wá máa da àdín sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Nínú ìkòkò yẹn, èròjà mímúná ń ya ọ̀rá sí méjì: ásíìdì ọ̀rá, tó ń so mọ́ pọtásíọ̀mù tó sì ń di ọṣẹ, àti gílísárínì, tó ń dúró sínú ọṣẹ náà. Kábónéètì kò múná tó kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ eérú fi ń pẹ́ lórí iná. Ohun kan wà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ti fi ojú rí, tí kẹ́mísìrì sì jẹ́rìí sí: epo tó ti ń kan ń yára di ọṣẹ ju epo tuntun lọ. Bí epo bá ti pẹ́, ásíìdì ọ̀rá inú rẹ̀ á ti máa já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó ti já sílẹ̀ yìí ni kábónéètì sì máa ń tètè mú. Epo tí ẹnikẹ́ni ò ní fi se ọbẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ló kàn án.

Ọṣẹ tó ti inú eérú jáde kì í le. Ọṣẹ pọtásíọ̀mù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí rẹ̀ nìyí tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ nígbà òjò. Ọṣẹ sódíọ̀mù ló ń le. Tí ẹ bá da iyọ̀ tó pọ̀ sínú ọṣẹ eérú tó ń hó, sódíọ̀mù inú iyọ̀ á gba ipò pọtásíọ̀mù, ọṣẹ á wá yọ sókè, á sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fún aṣọ fífọ̀, èyí tó rọ̀ kò burú: ó tètè ń yọ́ nínú omi tútù. Ó sì ti rìn jìnnà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bàhíà ní Brazil máa ń kó ọṣẹ yìí pẹ̀lú obì àti aṣọ òkè; títí di òní, wọ́n ṣì ń pè é ní sabão da costa níbẹ̀. Epo pupa wa ní tirẹ̀ ń gba Liverpool wọ ilé iṣẹ́ àwọn ọlọ́ṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kí Lever Brothers, ọ̀kan lára wọn, tó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ìdílé tó bá ń se ọṣẹ lónìí kò kọ́ àṣà àjèjì.

Fún ẹni tó ń gbé ìlú ńlá tí kò rí èèpo kòkó, kọ́sítíìkì sódà ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Òun ni sódíọ̀mù háídírọ́kísáìdì, wọ́n ń tà á ní Ọjọ́ọ̀tà ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà. Ó múná ju omi eérú lọ fíìfíì, èyí sì ni ibi tí òṣùwọ̀n ti di dandan. Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde ní 1823 tó fi hàn pé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní ásíìdì tirẹ̀ nínú. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wa láti ṣírò iye èròjà mímúná tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan gbà. Kìlógíráàmù 1 àdín gba nǹkan bíi gíráàmù 176 kọ́sítíìkì kó tó di ọṣẹ tán pátápátá. Epo pupa gba nǹkan bíi 142. Òróró ẹ̀pà gba nǹkan bíi 136. Ẹni tó bá fi iye tí àdín gbà sínú òróró ẹ̀pà, ọṣẹ tó ń jó ni lára ló sè. Ife àti ṣíbí kò lè bọ́ sí ipò òṣùwọ̀n níbí, nítorí pé kọ́sítíìkì inú ife kan lè wúwo ju ti òmíràn lọ. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó.

Àdín ló ń gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ lọ́jà kò ní rí èrè púpọ̀ nínú síse ọṣẹ ara rẹ̀, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Èrè wà níbi òróró àlòkù. Ẹ gba òróró lọ́wọ́ alákàrà tàbí alápuffpuff àdúgbò, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú kí pàǹtírí inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 500 òróró yìí, gíráàmù 500 àdín, gíráàmù 150 kọ́sítíìkì, àti gíráàmù 350 omi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dín kọ́sítíìkì kù díẹ̀ sí ohun tí ọ̀rá náà lè gbà, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ tán, kí ìwọ̀nba ọ̀rá díẹ̀ sì ṣẹ́kù tí yóò dáàbò bo ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ àdín nìkan ni, kìlógíráàmù 1 rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 170 kọ́sítíìkì ló dára. Kìlógíráàmù 1 ọ̀rá á fún yín ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.5 ọṣẹ tútù, á sì fúyẹ́ díẹ̀ sí i bó bá ṣe ń gbẹ.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí èéfín má bàa há sínú ilé. Ìbọ̀wọ́, ohun ìbojú, aṣọ alápá gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ da omi sínú bókẹ́ẹ̀tì oníke tó nípọn, kí ẹ wá máa rọra da kọ́sítíìkì sínú omi. Ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, nítorí ó lè hó lójijì kó sì ta síni lójú. Omi náà á gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi híhó. Ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù: kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, gáàsì tó sì ń jáde nínú rẹ̀ lè gbiná. Nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọ̀rá náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da omi sínú ọ̀rá, kí ẹ máa rò ó sí ọ̀nà kan. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí kan. Nígbà tó bá ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, tí èyí tó kán láti ara igi tí ẹ fi ń rò ó dúró lórí díẹ̀ kó tó rì, ẹ dà á sínú páálí tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá nylon sí, kí ẹ bò ó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gé e. Ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó lò ó. Kì í ṣe gbígbẹ nìkan ló ń ṣe láàárín àkókò yẹn, ìyókù kọ́sítíìkì tó wà nínú rẹ̀ ń ríṣẹ́ ṣe tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọṣẹ ilé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó mu kọ́sítíìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tí wọ́n ti ń se ọṣẹ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń wá. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀: ìyá po kọ́sítíìkì mọ́ omi, ó bu èyí tó kù sínú ike omi mímu tàbí ìgò míníráàlì, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Omi náà mọ́ gaara, kò ní àwọ̀. Ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ gbé e sẹ́nu. Nígbà mìíràn, ẹnu ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí, ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀fun ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀: egbò tó san níbẹ̀ máa ń fa ọ̀nà oúnjẹ pọ̀, títí oúnjẹ kò fi ní lè kọjá mọ́, tí itọ́ pàápàá á di wàhálà. Àwọn ọmọ kan ti gba iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí ìgò kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìronú. Ẹ má ṣe bu kọ́sítíìkì tàbí omi eérú sínú ohun tí ènìyàn ń mu omi láé. Èyí tó bá kù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tirẹ̀, ẹ dé e pa, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi gíga. Bí ọmọ bá sì ti gbé e mì, ẹ má ṣe fi ìka sí i lọ́nà ọ̀fun kó lè bì, nítorí ohun tó jó o lákọ̀ọ́kọ́ tún máa jó o bó bá ń padà bọ̀. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ike tàbí ìgò náà dání kí dókítà lè rí i. Bó bá jẹ́ ara tàbí ojú ló ta sí, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan gbà pé ohun tó bá ti inú igi tàbí ewéko wá kò lè pani lára. Omi eérú ti inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó sì lè bó ahọ́n ọmọ. Iṣin náà ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Èso iṣin tútù máa ń hó bí ọṣẹ nínú omi, wọ́n sì ti ń fi fọ aṣọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tipẹ́. Èso tútù yẹn kan náà ní májèlé nínú tó lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Ọṣẹ tí a bá sè dáadáa tún lè kùnà lẹ́nu ọpọ́n, omi ló sì sábà máa ń fà á. Ìdí mólékù ọṣẹ kan fẹ́ràn omi, ìdí kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Èyí ló ń jẹ́ kó gbá ìdọ̀tí ọlọ́ràá mú kó sì fà á wọ inú omi. Àmọ́ bí kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù bá pọ̀ nínú omi, wọ́n á so mọ́ ọṣẹ kí ìdọ̀tí tó kàn án, gbogbo rẹ̀ á di èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Gbogbo wa la mọ kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú omi rẹ̀. Ẹ lè dán tiyín wò: ẹ bu omi kànga sínú ìgò kan, omi òjò sínú ìkejì, ẹ ha ọṣẹ tó dọ́gba sínú méjèèjì, kí ẹ mì wọ́n. Ti òjò á fófòó, omi abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́. Bí ti kànga bá rú bí omi ẹ̀kọ tí kò fófòó, omi yẹn yóò máa jẹ ọṣẹ yín lásán. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń bá èyí pàdé, nítorí inú àpáta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi ibẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn tó wà ní Glasgow kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Irú omi tó ń jẹ ọṣẹ lásán yìí wà lára ohun tó mú kí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ilé iṣẹ́ gba ọjà. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ wá ohun tó lè bọ́ sí ipò ọṣẹ nígbà tí ọ̀rá wọ́n nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní Tide sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1946, ó lè fọ aṣọ nínú omi tó ń ba ọṣẹ jẹ́.

A ní ohun tó ń tún irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe nítòsí. Kaun tí a fi ń se ewédú, tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè adágún Chad, sódíọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú bàíkábónéètì. Ìbátan tímọ́tímọ́ ló jẹ́ sí sódà ìfọṣọ, èyí tí àwọn tó ń ta kẹ́míkà ń pè ní soda ash. Kábónéètì á mú kálísíọ̀mù kúrò nínú omi kí ọṣẹ tó dé ibẹ̀. Soda ash ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn, nítorí pé ó mọ́, kaun ọjà a máa ní iyẹ̀pẹ̀ nínú. Bí ẹ bá fẹ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, ẹ ha ọṣẹ ilé tó ti gbẹ dáadáa, ẹ sá a kó tún gbẹ, ẹ gún un, kí ẹ wá po ìdá méjì rẹ̀ mọ́ ìdá kan soda ash nínú òṣùwọ̀n. Ṣíbí ìjẹun méjì ti tó bókẹ́ẹ̀tì kan. Kì í fófòó tó ti ọjà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò gba ọṣẹ yìí tó bẹ́ẹ̀, pàápàá pẹ̀lú omi kànga. Èérí rẹ̀ máa ń kó sínú páìpù.

Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ọṣẹ. Ásíìdì wọn á tú ọṣẹ padà sí ọ̀rá, ọ̀rá náà á sì léfòó sórí omi. Pípo fínígà mọ́ soda ash náà kò já mọ́ nǹkan kan. Híhó tó ń hó yẹn, méjèèjì ló ń pa agbára ara wọn. Bó bá jẹ́ omi ìfọ̀kẹ́yìn ni ẹ fẹ́ fi fínígà díẹ̀ sí, lẹ́yìn tí gbogbo ọṣẹ ti kúrò lára aṣọ, kò burú.

Òwú fẹ́ràn ọṣẹ yìí. Aṣọ iṣẹ́, aṣọ ilé ìwé, aṣọ ìbùsùn, ìlédìí ọmọ, gbogbo wọn ló lè gbà á, bí a bá fi omi ṣàn wọ́n dáadáa. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi tútù ni kó kọ́kọ́ rí, nítorí omi gbígbóná máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ òwú. Àwọn aṣọ onírun àti sẹ́dà ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ara kòkòrò ni òwú sányán ti wá, èròjà mímúná inú ọṣẹ sì máa ń jẹ irú òwú bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Àdìrẹ ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù omi eérú, nínú rẹ̀ ló ti gba àwọ̀. Ohun tó ń yọ lára àdìrẹ tuntun ni aró tó dúró sójú òwú tí kò wọlé. Ẹ fọ̀ ọ́ lóun nìkan ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ má sì rẹ ẹ́ sílẹ̀ mọ́jú.